Ọ̀rọ̀ Tí Ojú Wọn Jọra: Ìrìn-àjò Láti Hólándì Dé Swídìn

Ìrìn-àjò tí a fẹ́ bá yín rìn lóṣù yìí kì í ṣe ti òkè gíga tàbí ti ààfin ọba. Ọ̀rọ̀ ni a ń lọ wò: ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ara ògiri ibùdó ọkọ̀ ojú irin, sí òkè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, àti sí ara ìgò inú ilé ìdáná, láti etí òkun Hólándì, la ilẹ̀ Jámánì já, títí dé Dẹ́ńmáàkì àti Swídìn. Ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí máa ń tàn jẹ jùlọ. Ẹni tí kò gbọ́ rárá yóò béèrè. Ẹni tí ó rò pé òun mọ̀ ni kì í béèrè.

Ẹ jẹ́ kí á ti ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ewu wà. Bí ẹ bá wọ̀ sí ilé ọmọ tàbí àbúrò yín ní Jámánì, tí ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ẹ lè rí ìgò kan tí wọ́n kọ "Giftig bei Verschlucken" sí lára. Ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò rí "gift" nínú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì lọ sórí ẹ̀bùn. Májèlé ni. Ohun tí ìgò náà ń wí ni pé ẹni tí ó bá gbé ohun inú òun mì ti gbé májèlé mì. Wọn a máa ya agbárí òkú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìgò a máa kẹ̀yìn sí ènìyàn, bébà ara rẹ̀ a sì máa ṣí. Ní Hólándì, "giftig" náà ni. Ní Swídìn, "giftigt". Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó kọ́ bí wọ́n ti ń kí ènìyàn níbẹ̀, pàápàá bí ọmọ kékeré bá wà nínú ilé. Bí ẹ̀bùn ṣe di májèlé, a ó bá a pàdé lọ́nà.

Àwọn èdè tí a ó gba àárín wọn kọjá, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì, èdè Jámánì, ti Hólándì, ti Dẹ́ńmáàkì, ti Swídìn, ti Nọ́wè àti ti Iceland, inú ìdílé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Germanic ni gbogbo wọn wà. Ní ohun tí ó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn, èdè kan ṣoṣo ni wọ́n, ní agbègbè tí ó di Dẹ́ńmáàkì, gúúsù Swídìn àti àríwá Jámánì lónìí. Àwọn tí ń sọ ọ́ ṣí kiri, èdè náà sì pín. Ọ̀rọ̀ kan náà wá dà bí àwọn ọmọbìnrin ilé kan tí a fi fún ọkọ ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ojú wọn kò yé jọra, ṣùgbọ́n olúkúlùkù wọn ti kọ́ ìṣe ilé ọkọ rẹ̀. A ó sì tún rí àwọn kan tí wọn kò bá ara wọn tan rárá, tí ojú wọn kàn ṣèèṣì jọra.

Láti Harwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ojú omi yóò gbé yín sọdá Òkun Àríwá lọ sí èbúté kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Hook of Holland. Ẹ kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. "Hook" lédè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwọ̀ tí a fi ń pẹja tàbí èyí tí a fi ń gbé aṣọ kọ́. Ṣùgbọ́n "Hoek van Holland" ni àwọn onílé kọ, "hoek" sì ni igun, bí igun ilé tàbí igun ilẹ̀. Ọmọ ìyá ni "hook" àti "hoek". Ohun tí ó tẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan tẹ̀ di ìwọ̀, èkejì tẹ̀ di igun. Bí ẹ bá rìn síwájú díẹ̀ tí ẹ rí "winkel", ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ní Jámánì, igun ni "Winkel" ń jẹ́. Igun ni ó ń jẹ́ ní Hólándì náà rí, kí ọjà títà tó gba orúkọ náà mọ́ igun lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù ní Hólándì ni "tuin". Ọgbà tí wọ́n ń gbin òdòdó sí ni. Ní Jámánì, "Zaun", ọmọ ìyá rẹ̀, ni ọgbà tí a fi igi tàbí irin sọ yí ilé ká. Ẹ̀kẹta wọn ni "town" ti Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti di odidi ìlú. Kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti rí okùn tí ó so wọ́n pọ̀, nítorí "ọgbà" tiwa náà ń ṣe iṣẹ́ méjì: a ń sọ ọgbà yí ilé ká, a sì ń gbin ewébẹ̀ sínú ọgbà. Ibi tí a yí nǹkan ká ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ará Hólándì ń wo ohun tí a gbìn sínú rẹ̀, ará Jámánì ń wo igi tí a fi yí i ká, Gẹ̀ẹ́sì sì ń wo àwọn ènìyàn tí wọ́n kó wọ inú rẹ̀, tí wọ́n pọ̀ sí i títí ó fi di ìlú.

Bí ààyè bá gbà yín, ẹ lọ sí àríwá, kí ẹ wo Afsluitdijk, ìdènà omi tí ó gùn tó kìlómítà 32, tí wọ́n parí ní 1932. Kí wọ́n tó dí i, apá kan òkun ni omi tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Zuiderzee, nítorí "zee" ni òkun. Nígbà tí òkun kò rí ọ̀nà wọlé mọ́, omi iyọ̀ di omi dídùn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí IJsselmeer, nítorí "meer" ni adágún. Sọdá sí Jámánì, ohun gbogbo yí po: "Meer" di òkun, "See" di adágún, bí Bodensee tí ó wà ní gúúsù. Síbẹ̀ Nordsee ni wọ́n ń pe Òkun Àríwá! Àṣírí rẹ̀ ni pé wọ́n pín ọ̀rọ̀ sí akọ àti abo níbẹ̀: "der See", èyí tí í ṣe akọ, adágún ni, "die See", èyí tí í ṣe abo, òkun ni. Àwa tí èdè wa kò mọ irú ìyẹn lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n sọ fún pé kí ó kó àwọn ọmọ lọ wẹ̀ ní "See", kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá akọ ni tàbí abo.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ ara yín. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, "slim" ni ẹni tí ara rẹ̀ rí lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́. Bí olùkọ́ kan ní Hólándì bá sọ pé ọmọ yín "slim", ẹ má ṣe sáré lọ fi oúnjẹ kún oúnjẹ rẹ̀. Ọlọ́pọlọ pípé ni ó pè é. Bí dókítà ní Jámánì bá sì wo ọgbẹ́ yín tí ó ní ó "schlimm", ẹ wá ibi jókòó sí, nítorí ó burú. Ohun tí ó wọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti wíwọ́ ni ó ti di bíburú ní ibì kan, tí ó sì ti di ẹ̀tàn àti ọgbọ́n ní ibòmíràn. Ọwọ́ àwọn ará Hólándì ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á ní àwọn ọdún 1600, tí ó sì gbé e lọ sí ọ̀nà tirẹ̀.

Kí á tó kúrò ní Hólándì, ó yẹ kí á dúró lórí ọ̀rọ̀ tí í ṣe tiwa, ọ̀rọ̀ obìnrin. "Wife" ti Gẹ̀ẹ́sì ni aya. Ní ayé àtijọ́, obìnrin èyíkéyìí ni ọ̀rọ̀ náà, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń pe agbẹ̀bí ní "midwife" títí di òní: "mid" ìgbà náà ni "pẹ̀lú", ẹni tí ó wà pẹ̀lú obìnrin ni agbẹ̀bí. Ẹ wo ohun tí ojú àwọn àbúrò rẹ̀ rí. "Weib" ti Jámánì, tí ó ti jẹ́ orúkọ tí a lè pe obìnrin ọlọ́lá rí, ti di èébú. "Wijf" ti Hólándì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá pe ìyàwó aládùúgbò rẹ̀ ní "wijf" nítorí pé ó jọ "wife", ìjà ni ó dá sílẹ̀ yẹn. "Vrouw" ni kí ẹ pè é ní Hólándì, kí ẹ sì pè é ní "Frau" ní Jámánì.

Ẹ tún fi èyí wé ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan. "Knecht" ti Jámánì ni ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ lóko olówó. Ọmọ ìyá rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni "knight", akọni tí ọba fi oyè dá lọ́lá. Ibi kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin tí ń ṣe ìránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ti Gẹ̀ẹ́sì gun ẹṣin. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni ó ṣe oríire bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀rọ̀ obìnrin ni ó máa ń tètè gbó. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tiwa náà kò jókòó sójú kan. Ní Brazil, níbi tí àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé èdè wọn dé, "iaô" ni wọ́n ń pe ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìsìn òrìṣà, ìbá ṣe ọkùnrin, ìbá ṣe obìnrin. "Ìyàwó" wa ni. Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn lọ síbẹ̀ tí ó rí ọkùnrin tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ẹnu lè yà á.

Ní Jámánì, ẹ má ṣe kánjú kọjá Kassel. Ibẹ̀ ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò nì, Jacob àti Wilhelm Grimm, gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń kó àwọn àlọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ jáde ní 1812 jọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan tí wọ́n ṣí ní 1 5 ọdún lẹ́yìn 2000, èyí ni 2015, wà níbẹ̀ fún ìrántí wọn. Àlọ́ ni gbogbo ayé mọ̀ wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn ṣe. Ní 1838, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé atúmọ̀ èdè Jámánì kan. Wilhelm kú ní 1859. Jacob kú ní 1863, nígbà tí ó ṣì wà lórí lẹ́tà F. Àwọn ẹlòmíràn gba iṣẹ́ náà, ó sì di 1961 kí ó tó parí.

Jacob yìí kan náà ni ó fi hàn ní 1822 pé ìyípadà ohùn láti èdè kan sí èkejì ní ìlànà. Bí a ti ń fi ilà ojú mọ ọmọ ìdílé, bẹ́ẹ̀ ni a lè fi lẹ́tà mọ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ìbátan. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti fi "t" bẹ̀rẹ̀, Jámánì a máa fi "z" bẹ̀rẹ̀: "ten" àti "zehn", "tongue" àti "Zunge", "town" àti "Zaun" tí a ti rí. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti ní "d", Jámánì a máa ní "t": "day" àti "Tag", "door" àti "Tür". Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá sì ti ní "th", Jámánì a máa ní "d": "three" àti "drei", "thank" àti "danken".

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wo orúkọ tí ẹ óò rí ní ọ̀pọ̀ ibùdó ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀: Bad Homburg, Bad Ems. Ta ni í sọ ìlú rẹ̀ ní "burúkú"? Ṣùgbọ́n bí "bad" ti Gẹ̀ẹ́sì bá ní ìbátan ní Jámánì, "t" ni ì bá wà ní ìparí rẹ̀. "Th" ni "d" Jámánì ń wá, "bath" sì ni ó bá pàdé. Ìwẹ̀ ni! Ìlú tí omi tí ń wo àrùn ti ń sun ni, ìjọba ni ó sì ń fọwọ́ sí i kí ìlú tó lè jẹ́ orúkọ náà. Ojú "bad" àti "Bad" ni ó jọra. Wọn kò bá ara wọn tan.

Nílé oúnjẹ, ẹ óò gbọ́ "bekommen", tí ó jọ "become" bí ìbejì. Ohun tí ó ń jẹ́ ni "rí gbà". Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa fi àwọn ará Jámánì ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá dé London, wọn a ní àwọn fẹ́ di ẹja, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹja jíjẹ ni wọ́n ń béèrè. Inú "come" ni méjèèjì ti jáde: ní Jámánì, nǹkan dé ọ̀dọ̀ ẹni, ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni fúnra rẹ̀ dé ipò tuntun.

Wàyí o, ìgò májèlé wa. "Fún" ni ìdí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀bùn sì ni "Gift" ń jẹ́ ní Jámánì àtijọ́. Àwọn oníṣègùn Gíríìkì ń pe ìwọ̀n oògùn tí a fún aláìsàn ní "dosis", èyí tí í ṣe fífún. Ọ̀rọ̀ Jámánì náà tọ ọ̀nà kan náà: ohun tí a fún ènìyàn mu. Láti ibẹ̀ ni ó ti di orúkọ tí a fi ń bo ohun tí ẹnu kò fẹ́ dá, bí àwọn baba wa ti ń pe ṣànpọ̀nná ní ilẹ̀ gbígbóná. Nígbà tí ó yá, ìbòjú náà di ojú. Ibì kan ṣoṣo tí ìtumọ̀ rere sá pamọ́ sí ni "Mitgift": ẹrù tí ìyàwó gbé láti ilé baba rẹ̀ lọ sí ilé ọkọ.

Nígbà tí ẹ bá fi máa ti Hamburg dé Copenhagen, ebi yóò ti máa pa yín. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "MAD" sí. Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ fún yín pé wèrè ni, oúnjẹ ni. Ọmọ ìyá rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni "meat", tí ó ti jẹ́ oúnjẹ èyíkéyìí rí kí ó tó di ẹran nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 yóò rántí pé "meat offering" wà nínú ìwé Léfítíkù, ìyẹ̀fun àti òróró ni wọ́n sì fi ń ṣe é, kò sí ẹran níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ ọ́ sí Yorùbá kò jẹ́ kí ojú ọ̀rọ̀ tan àwọn jẹ: ẹbọ ohun jíjẹ ni wọ́n pè é.

Bí wọ́n bá pè yín wá jẹ "frokost" ní Copenhagen, oúnjẹ ọ̀sán ni. Ní Oslo, ní ilẹ̀ Nọ́wè, "frokost" kan náà ni oúnjẹ àárọ̀, "frukost" ti Swídìn sì bá a mu. Oúnjẹ kùtùkùtù ni ìtumọ̀ rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n kùtùkùtù àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ti sún títí ó fi bọ́ sí ọ̀sán. Àlejò tí kò bá béèrè, bóyá kí ó bá olùgbàlejò nínú aṣọ oorun, tàbí kí ó dé nígbà tí wọ́n ti fọ abọ́.

Ní àríwá ìlú náà ni Dyrehaven wà, igbó dáradára kan tí àwọn ẹranko bí àgbọ̀nrín ti ń jẹ̀ kiri. "Dyr" ni ẹranko, èyíkéyìí tí ó wù kí ó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Tier" Jámánì àti "dier" Hólándì. "Deer" Gẹ̀ẹ́sì náà ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn tí àwọn Norman gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ọ̀rọ̀ Faransé àti ti Látìn gba àwọn àga ńlá, "deer" sì fìdí mọ́ ẹranko kan ṣoṣo. "Hound", tí ó ti jẹ́ ajá gbogbo, di ajá ọdẹ. "Starve", tí ó ti jẹ́ ikú, di ebi. Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà: ní Jámánì, "sterben" ṣì ni kí ènìyàn kú, bí wọ́n bá sì fóònù láti ilé ìwòsàn pé ẹnìkan "gestorben", kò sí oúnjẹ tí a lè gbé lọ fún un mọ́.

Afárá ńlá tí wọ́n ṣí ní 2000 ni ọkọ̀ ojú irin yóò gbà láti Dẹ́ńmáàkì dé Malmö ní Swídìn, kò sì tó wákàtí kan. Ẹ má ṣe pe Malmö ní "by" níwájú àwọn onílùú. Ní Dẹ́ńmáàkì, ìlú ni "by". Ní Swídìn, abúlé ni, Malmö sì ni ìlú kẹta tí ó tóbi jù ní orílẹ̀-èdè náà. Bí ẹ bá rí "barn", ọmọdé ni, kì í ṣe àká. "Barn" ti Gẹ̀ẹ́sì, ilé tí wọ́n ń kó ọkà báálì sí ni, kò sì bá ti Swídìn tan. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń kọ sí òpin sinimá níbẹ̀, tí ó jẹ́ "ó parí", ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ èébú fún obìnrin lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìròyìn wa kò ní tẹ̀ ẹ́. Dípò rẹ̀, ẹ gba "kvinna", obìnrin, tí ó bá "queen" ti Gẹ̀ẹ́sì tan. Obìnrin lásán ní Swídìn àti ayaba ní London, inú ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá.

Níhìn-ín ni "gift" tún ti yọjú, "yift" sì ni wọ́n ń pè é lẹ́nu. Májèlé ni, ó sì tún jẹ́ "ẹni tí ó ti ṣe ìgbéyàwó". Lẹ́tà kan náà, ohùn kan náà. A fi ọmọbìnrin fún ọkọ, fífún náà sì di orúkọ ìgbéyàwó. Àwa tí a ń fi ọmọ fún ọkọ kò lè sọ pé a kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ kò ṣaláì fi ìtumọ̀ méjèèjì dá àpárá. Bí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ "gift", ọ̀rọ̀ ọkọ ni wọ́n ń béèrè. Bí ẹ kò bá tíì ṣe ìgbéyàwó, "ogift" ni ìdáhùn.

Òùngbẹ ti ń gbẹ yín? "Glas" oní-"s" kan, tí a fa "a" inú rẹ̀ gùn, ni ife tí wọn yóò fi bu omi fún yín. Bí ẹ bá gé "a" náà kúrú, tí "s" di méjì, áísíkiriìmù ni wọn yóò gbé wá. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni wọ́n ti yá ìyẹn.